Kí ni Devoid ń ṣe gan-an nínú eré káàdì Magic: The Gathering?

Ìwọ tó o béèrè pé ṣé káàdì tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà Devoid sí lára ṣì jẹ́ pupa nígbà tó jẹ́ pé mana pupa (mana ni ohun tá a fi ń san owó káàdì nínú eré náà) la fi ń san owó ẹ̀: rárá o, kò láwọ̀ kankan. Gbogbo ohun tí Devoid ń sọ ò ju ìyẹn lọ. 2015 ló wọlé, nínú àkójọ káàdì tí wọ́n ń pè ní Battle for Zendikar, pẹ̀lú àwọn ẹ̀dá abàmì tí wọ́n ń pè ní Eldrazi. Wo káàdì Touch of the Void, mana pupa kan àti méjì èyíkéyìí lo máa san, ó máa ṣe dámééjì 3, tí creature (káàdì ẹ̀dá tó ń jà) tó o fẹ́ fi lù bá wá ní protection from red, ìyẹn ààbò lọ́wọ́ ohun tó bá jẹ́ pupa, á ṣì bà á, torí kì í ṣe pupa. Ì báà wà lọ́wọ́ ẹ, nínú dẹ́ẹ̀kì tàbí lórí tábìlì, bákan náà ni, kódà tí nǹkan bá gba gbogbo ability ara ẹ̀ (àwọn ohun tí ọ̀rọ̀ ara káàdì ń jẹ́ kó ṣe, títí kan Devoid fúnra ẹ̀), torí ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni rúùlù kọ́kọ́ ń yanjú kó tó kan ability. Èyí máa ń ya èèyàn lẹ́nu gan-an. Àmọ́ ní Commander, ìyẹn ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ta Magic tó jẹ́ pé káàdì kan tó jẹ́ commander ẹ ló ń pinnu àwọ̀ tó lè wà nínú dẹ́ẹ̀kì ẹ, ṣọ́ra: àmì pupa tó wà níbi owó ẹ̀ ṣì ń kà, tí commander ẹ ò bá ní pupa, má wulẹ̀ kó o sínú dẹ́ẹ̀kì.