Wọ́n Ti Àwo Orin Mọ́lé: Ṣé Olórin Lè Gbé E Jáde Fúnra Rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Agbẹjọ́rò. Houston ni mò ń gbé. Àbúrò mi ń kọ rápù, iléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kan sì ti gbé ìwé àdéhùn fún un. Mo gbọ́ pé àwọn Clipse ṣe odindi àwo kan tí iléeṣẹ́ wọn ò gbé jáde. Kí ló lè mú kí ẹni tó náwó sórí ọjà kọ̀ láti tà á? Bó bá ṣe àbúrò mi bẹ́ẹ̀, ṣé kò lè gbé orin rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni wọ́n sọ fún yín. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ń kọ rápù ni Clipse, Malice àti Pusha T, Virginia Beach ni wọ́n dàgbà sí. Pharrell Williams, olórin tó máa ń ṣe ìlù orin fún wọn, ló bá wọn wá ọ̀nà dé iléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Elektra. Wọ́n ṣe àwo *Exclusive Audio Footage*, iléeṣẹ́ sì kọ́kọ́ ju orin kan ṣoṣo síta lọ́dún 1999, "The Funeral", láti fi tọ́ ọjà wò. Ọjà ò dáhùn bí wọ́n ṣe rò. Wọ́n bá ti àwo náà mọ́lé.

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Owó situdíò kọ́ ló pọ̀ jù; owó fídíò, ti rédíò àti ti ìpolówó ṣì wà níwájú. Oníṣòwò tó bá rí i pé ìlọ́po owó tó ti ná ló kù láti ná lè yàn láti gba àdánù kékeré, kó sì lọ sùn.

Àbúrò yín ò lè dá a gbé jáde. Ojúlówó orin tí wọ́n gbà sílẹ̀, tí àwa ń pè ní màsítà, ti iléeṣẹ́ ni. Ohùn tiẹ̀ ni o, àmọ́ inú àpótí wọn ló wà. Ìwé náà á tún máa kà á léèwọ̀ pé kó má tún àwọn orin yẹn kọ níbòmíràn fún iye ọdún kan.

Ibi tó ń ru ọ̀pọ̀ olórin lójú nìyí: kí wọ́n tú ọ sílẹ̀ yàtọ̀ sí kí wọ́n fún ọ ní orin rẹ. Elektra tú Clipse sílẹ̀, àwo wọn ò bá wọn jáde. Wọ́n lọ sí Star Trak, iléeṣẹ́ Pharrell, lábẹ́ iléeṣẹ́ Arista, àwo *Lord Willin'* jáde ní 2002, orin inú rẹ̀, "Grindin'", sì gba ìgboro. Ni Sony àti BMG, tó ni Arista àti Jive, bá da iléeṣẹ́ orin wọn pọ̀ ní 2004. Star Trak lọ sí iléeṣẹ́ mìíràn, Interscope, ṣùgbọ́n ìwé fa Clipse lọ sọ́dọ̀ Jive. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ, Jive kọ̀, ọ̀rọ̀ di ti kóòtù. Bí wọ́n ṣe ń dúró, wọ́n ń kọ rápù sórí ìlù àwọn ẹlòmíràn, wọ́n ń pe àkójọ náà ní *We Got It 4 Cheap*, kí ìgboro má bàa gbàgbé wọn. Oṣù kọkànlá 2006 ni àwo wọn kejì, *Hell Hath No Fury*, tó jáde.

Nítorí náà, kí àbúrò yín wá ibi tí iléeṣẹ́ ti ṣèlérí pé àwọn máa gbé àwo jáde. Bí kò bá sí i, kó ní kí wọ́n kọ ọ́ sí i. Bó ṣe sábà máa ń rí ni pé, bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin bá kọjá lẹ́yìn tó ti fi àwo lé wọn lọ́wọ́, yóò kọ lẹ́tà sí wọn; bí wọn ò bá gbé àwo náà jáde láàárín àkókò díẹ̀ sí i, ó lè tú àdéhùn. Àmọ́ òun nìkan nìyẹn máa tú sílẹ̀! Kó ní kí wọ́n fi kún un pé òun lè ra màsítà padà, kí wọ́n sì kọ bí wọ́n á ṣe ṣírò iye rẹ̀ sílẹ̀ nísinsìnyí tí wọ́n ṣì ń bá ara wọn rẹ́rìn-ín.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ kékeré kan. Bí ìwé bá ní àwo gbọ́dọ̀ "tẹ́ iléeṣẹ́ lọ́rùn fún títà", wọ́n lè máa sọ pé kò tíì tẹ́ àwọn lọ́rùn títí láé, ọjọ́ tí ẹ ń kà ò sì ní bẹ̀rẹ̀. Kó ní kí wọ́n yí i padà sí pé kí gbígbàsílẹ̀ rẹ̀ já gaara, ó tán.

Kó má lo agbẹjọ́rò tí iléeṣẹ́ bá bá a wá o. Kó gba tiẹ̀ ní Texas níbẹ̀, ẹni tó mọ ìwé orin. Bí wọ́n bá sì ní àfi kó fọwọ́ sí i lónìí, ẹ ní kó gbé ìwé náà wálé ná.