Abẹ́rẹ́ insulin tó dín kù kì í ṣe ìwòsàn

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Oṣù kẹrin rèé tí wọ́n ti sọ pé ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 7, ní àtọ̀gbẹ. Láti ìgbà náà, oorun ti dá lójú mi. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo ń dìde lóru láti wò ó bóyá ó ń mí. Ẹnì kan ta oògùn lúbúlúbú fún wa, ìwọ̀n abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì ti dín kù sí ìdajì. Ó ní ká dá abẹ́rẹ́ dúró pátápátá, pé ọkàn mi á balẹ̀. Ṣé kí n gbà?

Ìdáhùn: Ẹ má gbà o. Ìyá wa, ẹ má tilẹ̀ fi ọjọ́ kan dán an wò. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, ó sì ń bí mi nínú, kì í ṣe sí ẹ̀yin, bí kò ṣe sí àwọn tó ń fi ìbẹ̀rù òbí wá oúnjẹ.

Lúbúlúbú yẹn kọ́ ló dín abẹ́rẹ́ kù. Nínú àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní, èyí tó wọ́pọ̀ jù lára ọmọdé, àwọn ọmọ ogun tó yẹ kó gbèjà ara ló ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe insulin, èròjà tó ń jẹ́ kí ara lè lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. (Ohun dídùn tí ẹ fún un jẹ kọ́ ló fà á. Ẹ sọ ẹrù yẹn kalẹ̀.) Nígbà tí àìsàn náà hàn síta, díẹ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ṣì wà láàyè, àárẹ̀ ló mú wọn. Bí abẹ́rẹ́ bá ti bá wọn gbé ẹrù, wọ́n á sinmi, wọ́n á tún máa ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà yẹn ni abẹ́rẹ́ máa ń wálẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù púpọ̀. Honeymoon la máa ń pè é, àsìkò ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ọmọ tí kò fẹnu kan oògùn kankan náà ń rí i. Oníṣòwò tó bá pàdé yín lásìkò yẹn á ní òun ló wò ó sàn.

Àsìkò náà á tán. Bí kò bá wá sí insulin, ara á máa jó ọ̀rá, ásíìdì á kún inú ẹ̀jẹ̀. Ọmọ á máa bì, á máa mí gule-gule, èémí rẹ̀ á máa rùn bí èso tó pọ́n jù. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ó lè gbẹ̀mí. Kí wọ́n tó kọ́kọ́ fún ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 kan ní insulin ní Toronto lọ́dún 1922, àwọn ọmọ tó ní àìsàn yìí kì í pẹ́ láyé.

Ní ti oorun yín: mo mọ bàbá kan tó máa ń tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn ọrùn ọmọ rẹ̀ lóru, òógùn ara ló ń wá, torí ó lè jẹ́ àmì pé ṣúgà ti já wálẹ̀. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe wèrè, torí ṣúgà lè já wálẹ̀ lóru lóòótọ́. Ẹ wọn ṣúgà kó tó sùn, kí ẹ sì bá dókítà rẹ̀ fi àkókò kan pàtó lóru sí i. Bí ẹ̀rọ bá fi iye tó wà lábẹ́ 70 mg/dL hàn, ẹ fún un ní omi ṣúgà, ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá lè gbé nǹkan mì, tàbí gìrì mú un, ẹ má ki ohunkóhun sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kíá. Dókítà tó ń rí i nìkan ló lè sọ ìwọ̀n abẹ́rẹ́, èmi ò lè wọ̀n ọ́n láti ibí.

Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn nínú ilé kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn ṣúgà, kó gba òru kan lọ́wọ́ yín. Tí ẹ bá ń lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ gbé lúbúlúbú náà dání, torí àwọn kan máa ń po oògùn òyìnbó tó ń já ṣúgà wálẹ̀ mọ́ ọn. Kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ kì í sùn. Ìyẹn náà ní ìtọ́jú.