"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?": ìtumọ̀ locus standi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àna mi kan ta ilẹ̀ ẹbí ìyàwó mi láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti múra láti gbé e lọ sí kóòtù, owó lọ́yà wà nílẹ̀. Àfi bí lọ́yà ṣe ní n kò ní "locus standi". Kí ni ìyẹn? Ṣé irọ́ ni mo pa ni?

Ìdáhùn: Irọ́ kọ́. Èdè Látìn ni, "ibi ìdúró" ló túmọ̀ sí. Ohun tí ilé ẹjọ́ máa ń bi ènìyàn nìyẹn kó tó tẹ́tí sí ẹjọ́ rẹ̀, Yorùbá sì ti ń bèèrè rẹ̀ kí òyìnbó tó dé: kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Ó lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé lẹ ń sọ. Ilé ẹjọ́ kò tíì dé orí ìyẹn. Ó kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀tọ́ tiyín ni wọ́n tẹ̀ lójú.

Ẹ má pò ó pọ̀ mọ́ ìdí ẹjọ́. Ìdí ẹjọ́ ni ohun tí wọ́n ṣe tí òfin fi lè dá sí i: ilẹ̀ tí wọ́n tà láìtọ́, gbèsè tí wọn ò san. Locus standi ń bèèrè ta ni wọ́n ṣe é sí. Nínú ọ̀rọ̀ yín, ìdí ẹjọ́ wà. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ni ín ni.

Ìyàwó yín ló ni ín. Nínú òfin ìbílẹ̀ tí ilé ẹjọ́ Nàìjíríà ń lò, ọmọ ẹbí kan ṣoṣo lè lọ gbèjà ilẹ̀ ẹbí, kódà bí ẹbí kò rán an. Ẹ jẹ́ kó wádìí ipò ẹni tó tà á, nítorí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Bí olórí ẹbí (mọ́gàjí, lẹ́nu àwọn ará Ìbàdàn) bá tà á láìfi lọ àwọn àgbà ẹbí, títà náà ṣì dúró títí kóòtù yóò fi fagi lé e. Bí ẹbí bá sì fi falẹ̀ jù, ó lè bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Bí ọmọ ẹbí lásán bá tà á láìsí ohùn olórí ẹbí, òfo ni látìbẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè yìí ti dá ènìyàn ńlá padà lẹ́nu ọ̀nà kóòtù rí. Sẹ́nétọ̀ Abraham Adésànyà pe Ààrẹ Shagari lẹ́jọ́ pé kò tọ́ kí wọ́n fi Ovie-Whiskey, tó ṣì jẹ́ adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ Bendel, ṣe alága FEDECO, àjọ elétò ìdìbò ìgbà náà. Ní 1981, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìyànsípò náà kò fara kan ẹ̀tọ́ tirẹ̀ kankan. Sẹ́nétọ̀ o! Èmi ò gba tiwọn rí. Bí òfin ìpìlẹ̀ kò bá kan aṣòfin, ta ló wá kàn?

Yorùbá fúnra wọn kò fẹnu kò lórí rẹ̀. Ẹni tó ń bèèrè pé kí ló kàn ọ́ náà ló ń sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Òwe yẹn ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn tí mo bá rántí Gani Fáwẹ̀hìnmi. Bọ́ǹbù inú lẹ́tà pa akọ̀ròyìn Délé Gíwá ní ọjọ́ 19 oṣù Ọ̀wàrà 1986. Gani, lọ́yà rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, fẹ́ fúnra rẹ̀ gbé ọ̀gá ológun méjì tó fura sí lọ sí kóòtù. Kí ló kàn án? Ní 1987, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ó kàn án, pé ọ̀ràn ìpànìyàn kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Láti 2009, ìlànà ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti sọ pé adájọ́ kò gbọdọ̀ torí locus standi da irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ nù. Ní 2018, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tún ṣílẹ̀kùn fún ẹgbẹ́ kan tó pe NNPC lẹ́jọ́ lórí epo tó dà sínú omi àwọn ará Acha ní ìpínlẹ̀ Abia.

Àmọ́ ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú. Bí ẹ bá fi orúkọ yín pe ẹjọ́ yìí, lọ́yà wọn yóò ta kò ó, adájọ́ yóò sì yọ ọ́ kúrò nílẹ̀ láìtilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ gan-an. Ẹ gbé owó lọ́yà náà fún ìyàwó yín, kí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ìpẹ̀jọ́. Bó bá sì ṣojú yín nígbà tí àna yín ń gbowó, ẹ lọ jẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí kò nílò locus standi.