Báwo ni kòkòrò tí agẹmọ ń jẹ ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 13, ń sin agẹmọ kan nínú àgò aláwọ̀n lẹ́yìnkùlé wa. Ìrẹ̀ àti tata ló máa ń wá fún un. Níjẹta, ó ju tata ńlá kan sí i. Agẹmọ na ahọ́n mú un, ṣùgbọ́n kò rí i gbé mì; ó la ẹnu sílẹ̀ títí kó tó pọ̀ ọ́ dànù. Látìgbà náà, ṣe ló kàn ń wo oúnjẹ. Báwo la ṣe máa mọ kòkòrò tó bá a mu? Ṣé a sì lè fún un ní aáyán ilé? — Ìyá kan, Mọ̀ọ̀rẹ̀, Ilé-Ifẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àbójútó, Màmá. Inú mi dùn sí ọmọ yín. Nínú Ifẹ̀ yìí kan náà tí ìtàn ti sọ pé agẹmọ ni wọ́n rán wá wò ó bóyá ilẹ̀ ti le, àwọn ọmọ ṣì ń sọ ọ́ lókùúta tí wọ́n bá rí i.

Ti ara agẹmọ yín ló kọ́kọ́ jẹ mí lógún. Ẹ gbé e síbi tó mọ́lẹ̀, kí ẹ wo ètè àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bí ibì kan bá wú, bí ẹnu kò bá pa dé, tàbí bí ahọ́n bá yọ síta tí kò wọlé mọ́, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹran lónìí. Bó bá di pé kí wọ́n ya fọ́tò egungun, ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn ni kí ẹ forí lé. Bí kò bá sí ọgbẹ́, ẹ máa wọ́n omi sórí ewé inú àgò láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, torí ẹ̀kán omi orí ewé ni agẹmọ ń lá, kì í sábà mu omi inú abọ́. Ẹ má fipá la ẹnu rẹ̀.

Ẹ má bá a wí pé ó lójúkòkòrò. Ahọ́n rẹ̀ lágbára ju ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lọ ni. Bó bá nà án tán, ó máa ń gùn ju ara rẹ̀ lọ. Itọ́ orí rẹ̀ ki, ó sì ń lẹ̀, débi pé ó lè fa ẹran tó wúwo tó nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ìwúwo ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n agẹmọ kì í já ẹran sí wẹ́wẹ́. Á rún un lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, á sì gbé e mì lódindi. Ohun tí ahọ́n bá lè dé ni yóò mú, nítorí náà ẹni tó ń bọ́ ọ ló gbọ́dọ̀ bá a wọn oúnjẹ rẹ̀.

Orí agẹmọ yẹn gan-an ni òṣùwọ̀n, kì í ṣe ọjọ́ orí rẹ̀. Kí ọmọ yín mú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, kó nà án sókè orí agẹmọ láìfi kàn án, kó sì ṣẹ́ ẹ níbi tí fífẹ̀ orí náà parí sí. Kó fi í há ara àgò. Kòkòrò tó bá gùn ju ìyẹn lọ láti orí dé ìdí, láìka ìwo àti ẹsẹ̀ mọ́ ọn, kó jẹ́ kó máa lọ. Fún ọmọ agẹmọ, tàbí èyí tí ẹnu ń dùn bíi tiyín, àlàfo àárín ojú méjèèjì ni kó wọ̀n. Kó tún un wọ̀n lóṣooṣù, torí wọ́n ń dàgbà.

Ìrẹ̀ ńlá tí àwọn ọmọ ń wà nínú ihò láti sun jẹ, tó máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5, ti tóbi jù fún un. Ìrẹ̀ kékeré tó ń dún nínú ilé lálẹ́ ló dára. Kí ẹ bọ́ ìrẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ní ẹ̀fọ́ tútù fún ọjọ́ kan gbáko kí agẹmọ tó jẹ ẹ́. Oúnjẹ inú rẹ̀ ni agẹmọ ń jẹ. Èyí tí kò bá jẹ, ẹ kó o jáde kí ilẹ̀ tó ṣú, torí ìrẹ̀ tí ebi ń pa máa ń gé agẹmọ jẹ lójú oorun. Fún agẹmọ tó ṣì kéré, kòkòrò wínníwínní tó ń rọ́ yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n ká ti tó.

Tata ló gba ìṣọ́ra jù. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sójú oòrùn, ẹ ó rí ẹ̀gún tó tò sára rẹ̀ bí eyín ayùn. Ẹ̀gún yẹn ló ń ha ẹnu agẹmọ, mo sì fura pé òun ló ń dun tiyín. Ẹ di tata mú níbi itan, ẹsẹ̀ náà sábà máa ń já fúnra rẹ̀. Ẹ já ìyẹ́ rẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n tata aláràbarà, dúdú òun àwọ̀ òféèfèé, tó máa ń bo oko ẹ̀gẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ má fún un rárá, bó ti wù kó kéré tó. Ó máa ń jẹ òdòdó koríko Akíntọ́lá, ó sì ń kó oró inú rẹ̀ sára. Ẹ má fún un ní tanátaná náà. Irú èyí tó wà ní Amẹ́ríkà ti pa àwọn aláǹgbá tí wọ́n ń sìn nílé.

Aáyán ilé kọ́ o. A kò mọ ilé tó ti jẹ ọ̀tápíápíá wá, oró náà á sì bọ́ sínú agẹmọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kòkòrò oko kòkó tí wọ́n ti fín. Inú koríko tí ẹnikẹ́ni kò fín lóògùn ni kí ọmọ yín ti máa wá oúnjẹ. Èsúnsún tó ń jáde lẹ́yìn òjò dára nígbà tó bá wà, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni, ọ̀rá rẹ̀ pọ̀.

Kálísíọ̀mù kò tó nínú kòkòrò, egungun agẹmọ sì máa ń rọ̀ nítorí rẹ̀. Ẹ se eèpo ẹyin, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná bí àtíkè, kí ẹ máa bu díẹ̀ lé kòkòrò. Ẹ jẹ́ kí oòrùn àárọ̀ kan agẹmọ gba ojú àwọ̀n, kì í ṣe gba ojú gíláàsì, kí ibòòji sì wà tó lè sá sí.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ìrẹ̀ kéékèèké méjì tàbí mẹ́ta lójúmọ́ ti tó, lẹ́yìn tí oòrùn bá ti mú ara rẹ̀ gbóná. Bí ọjọ́ mẹ́ta sí i bá kọjá tí kò jẹ, bí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, tàbí tó ń di ojú lọ́sàn-án gangan, ẹ má ṣe dúró mọ́, ẹ gbé e wá fún àyẹ̀wò.