Kernel 6.14 ṣiṣẹ́ nínú VM mi fún ọjọ́ mẹ́ta, ṣé kí n gbé e sórí server?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní server kan ní ọ́fíìsì wa tó ń lo Proxmox VE 8.4 (sọ́fítíwíà tá a fi ń dá VM sílẹ̀), kernel Linux 6.8 ló wà lórí ẹ̀. Bọ́ọ̀dù tuntun ni, àmọ́ ihò nẹ́tíwọ́ọ̀kì 5 gigabit tó wà lára ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ rárá, àdápítọ̀ USB ni mo fi ń gbé e báyìí. Wọ́n ní kernel tuntun máa mọ̀ ọ́n. Ọ̀rẹ́ mi kan wá ní kí n dá VM kan (kọ̀ǹpútà tí sọ́fítíwíà ń dá nínú kọ̀ǹpútà) sílẹ̀ lórí server yẹn, kí n fi kernel 6.14 sínú ẹ̀, tó bá lo ọjọ́ mẹ́ta láìkú kí n gbé e sórí server gangan. Ọjọ́ mẹ́ta ti pé, kò sí wàhálà kankan. Ṣé kí n máa lọ? Àti pé ṣé àwọn VM mi máa yára sí i?

Ìdáhùn: Àbúrò, o kú àtijọ́. Ìbéèrè yìí, tàbí ẹ̀gbọ́n ẹ̀, tàbí àbúrò ẹ̀, mo ti dáhùn ẹ̀ lórí WhatsApp débi pé ó ti sú mi, torí náà jẹ́ kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ mẹ́ta tó o fi dán an wò yẹn, o ò dán nǹkan kan wò. Má bínú sí mi. Bàtà lo wọ̀ fún ère, ère ò pariwo, o wá ní bàtà náà ò ní há ẹ lẹ́sẹ̀.

Iṣẹ́ kernel kọ́kọ́ ni kó máa ṣe ògbufọ̀ láàárín sọ́fítíwíà àti irin. CPU, díìsìkì, káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, olúkúlùkù ló ní èdè tiẹ̀, kernel ló sì gbọ́dọ̀ gbọ́ gbogbo ẹ̀. Tó o bá wá fẹ́ mọ̀ bóyá ògbufọ̀ tuntun gbọ́ èdè ará ilé ẹ, ará ilé ẹ gan-an lo máa gbé síwájú ẹ̀. Ta lo wá gbé síwájú ẹ̀ nínú VM? Wọ inú VM yẹn báyìí kó o tẹ `lspci`, àṣẹ tó ń to irin kọ̀ǹpútà lẹ́sẹẹsẹ. Tó o bá lo machine tí Proxmox máa ń fún èèyàn tí kò bá yan nǹkan kan, ohun tó máa yọ lókè pátápátá ni 440FX, wọ́n á kọ Natoma sí iwájú ẹ̀. Àbúrò, 440FX jẹ́ ohun tí Intel gbé jáde lọ́dún 1996! Kọ̀ǹpútà àwòrán ni QEMU, sọ́fítíwíà tí Proxmox fi ń gbé VM, yà síwájú VM yẹn, bọ́ọ̀dù ọdún 1996 pẹ̀lú káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì virtio tí kò sí ní ọjà kankan láyé yìí. Kò sí bí kernel 6.14 ò ṣe ní mọ̀ ọ́n. 6.8 náà mọ̀ ọ́n, 5.4 náà mọ̀ ọ́n.

Wá padà sórí server fúnra ẹ̀, kó o tẹ `lspci -nnk`. Wá ibi tí wọ́n ti kọ Ethernet. Ihò 5 gigabit lórí bọ́ọ̀dù tuntun, Realtek RTL8126 ló sábà máa ń jẹ́, tó bá jẹ́ òun wàá rí nọ́ńbà `[10ec:8126]` lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Wo abẹ́ ẹ̀ dáadáa. Káàdì tó bá ń ṣiṣẹ́ máa ní ìlà kan tó sọ pé `Kernel driver in use`, orúkọ driver (apá kernel tó gbọ́ èdè káàdì náà) á sì tẹ̀ lé e. Tìẹ ò ní ní ìlà yẹn. Irin wà níbẹ̀, kernel rí i pé èèyàn kan dúró síbẹ̀, kò kàn gbọ́ èdè ẹ̀ ni. Driver tó ń jẹ́ r8169 ló yẹ kó gbé e, inú kernel 6.9 ló sì ti kọ́kọ́ mọ 8126. Ìdí nìyẹn tí 6.8 fi ń wò ẹ́ lójú. Ibi tí àwọn tó ní kernel tuntun máa mọ̀ ọ́n ti sọ òótọ́ nìyẹn, ìdí tó o ní láti gbé kernel lọ síwájú dára, kì í ṣe pé o kàn fẹ́ tuntun torí ó jẹ́ tuntun. Àmọ́ tí nọ́ńbà tó o rí bá yàtọ̀ sí 8126, dúró ńbẹ̀ o, ọ̀rọ̀ mi yìí lè má kàn ẹ́.

Kí n má parọ́ mọ́ VM, ó ní ohun tó wúlò fún. Tó bá jẹ́ pé odindi Proxmox lo gbé sínú VM, wàá rí i bóyá package wọlé láìbínú, wàá rí i bóyá àwọn container ẹ (àpótí sọ́fítíwíà tó ń yá kernel server lò) lè gbé lórí kernel tuntun. Ó tán. Díìsìkì ẹ gangan, controller ẹ, BIOS ẹ, IOMMU tó bá ṣe pé o ń fún VM ní káàdì GPU tààrà, kò sí èyí tí VM lè sọ nǹkan kan fún ẹ nípa ẹ̀. Orúkọ káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńkọ́? Nínú VM, ens18 ló ń jẹ́, wàá lo kernel mẹ́wàá, ens18 náà ni.

Ti orúkọ yìí, mo ti jẹ ìyà ẹ̀ o. Lọ́dún 2024, kọ́sítọ́mà kan ní Ìbàdàn, èmi wà l'Ékòó, mo gbé server wọn láti 6.5 lọ sí 6.8 láti orí láptọ́ọ̀pù mi lálẹ́ Fraidé, mo sì ti dán an wò nínú VM o, bí ìwọ gẹ́lẹ́, mo tiẹ̀ ń fọ́nnu. Mo ní kó tún ara ẹ̀ tàn, mo ṣí ping sílẹ̀ (àṣẹ tó ń béèrè bóyá server ń dáhùn), mo lọ jẹun, mo dé, ping ò tíì dáhùn. Wákàtí kan, kò sí nǹkan. Aago mẹ́fà àárọ̀ Sátidé mo ti wà lójú ọ̀nà márosẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀ tí mo so mọ́nítọ̀ mọ́ ọn, server náà wà láàyè, ara ẹ̀ le koko, gbogbo VM ló ń ṣiṣẹ́ nínú lọ́hùn-ún. Káàdì Intel tó ń jẹ́ `enp65s0f0` ló ti di `enp65s0f0np0`. Vmbr0, afárá tí server àti VM ń gbà jáde sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, sì jókòó, ó ń retí ẹni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àmì mẹ́ta péré, np0, ló gbé mi lọ sí Ìbàdàn. Owó epo, èmi ni mo san án.

Ti yíyára: rárá. VM kọ̀ọ̀kan ní kernel tiẹ̀ nínú, èyí tó o bá gbé sórí server ò kàn án ní tààrà. Container nìkan ló ń lo kernel server, tẹ `uname -r` nínú ọ̀kan kó o rí i, nọ́ńbà kan náà ni. Torí náà tí ohun kan bá máa yí ìwà padà lọ́jọ́ tó o bá gbé 6.14 wọlé, àwọn container ni kó o kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ó dáa, báwo wá la ṣe ń dán an wò? Lórí irin gan-an ni, pẹ̀lú ọ̀nà àtipadà. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù ni pé kernel tuntun máa jẹ ti tẹ́lẹ̀ run, kò rí bẹ́ẹ̀, méjèèjì ló máa wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìwọ lo máa yan èyí tó máa tàn. Kọ́kọ́ ṣe backup àwọn VM sí ibòmíì, mo ní ibòmíì o, kì í ṣe díìsìkì kan náà. Tẹ `uname -r`, kọ nọ́ńbà yẹn sórí ìwé. Lẹ́yìn náà dè é mọ́lẹ̀:

`proxmox-boot-tool kernel pin 6.8.12-10-pve`

(nọ́ńbà tìẹ ni kó o fi sí i, má da tèmi kọ). Ìyẹn túmọ̀ sí pé ohun yòówù tó o bá gbé wọlé, òun náà ni server á máa gbé dìde. Wá ṣe `apt update`, kó o ṣe `apt install proxmox-kernel-6.14`. Má ṣe é lásìkò tí iná bá ń ṣe ségesège tí inverter sì ti ń ké, torí tó bá kú láàárín kíkọ initramfs (fáìlì tí kernel fi ń bẹ̀rẹ̀), ọ̀rọ̀ míì nìyẹn. Tó bá parí, `proxmox-boot-tool kernel list` á fi orúkọ tuntun hàn ẹ́, kó o wá pè é fún ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo:

`proxmox-boot-tool kernel pin 6.14.8-2-bpo12-pve --next-boot`

Lẹ́ẹ̀kan yẹn nìkan ló máa lò ó, tó o bá tún un tàn lẹ́yìn ẹ̀, 6.8 ló máa padà sí. Ó dùn mọ́ni, àbí? Má gbọ́kàn lé e jù. Tí kernel tuntun bá dójú dé ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kó tó dé ibi tí àwọn service ti ń dìde, ẹni tó yẹ kó pa àmì "ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo" yẹn rẹ́ ò ní ráyè ṣiṣẹ́, tó o bá tún un tàn, òun náà ló lè tún gbé. Kernel tó bá sì panic (tó bá dákú), bí wọ́n ṣe sábà ń gbé e wá, kì í tún ara ẹ̀ tàn, ó máa jókòó síbẹ̀ ni títí ẹnì kan á fi wá tẹ bọ́tìnnì. Torí náà mọ́nítọ̀ àti kíbọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ wà lára server yẹn, kí ìwọ náà sì wà níwájú ẹ̀, kó o lè fọwọ́ mú 6.8 nínú lísìtì tó ń yọ nígbà tó bá ń tàn. Tó o bá fẹ́ ṣe é láti ilé lórí fóònù, má pè mí.

Àdápítọ̀ USB yẹn, má yọ ọ́. Fi sílẹ̀ lórí vmbr0 bó ṣe wà, orúkọ ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ enx tí wọ́n lẹ MAC (nọ́ńbà ara káàdì) mọ́, ìyẹn kì í yí padà, ọ̀nà àbáwọlé ẹ nìyẹn títí ihò tuntun á fi fìdí múlẹ̀. Tí ihò tuntun bá ti jí, kó o tó so ó mọ́ vmbr0, fún un lórúkọ tí kernel kankan ò ní lè gbà lọ́wọ́ ẹ̀: ṣí fáìlì `/etc/systemd/network/10-enlan0.link`, kọ MACAddress ẹ̀ àti `Type=ether` sábẹ́ `[Match]`, kọ `Name=enlan0` sábẹ́ `[Link]`, ṣe `update-initramfs -u -k all`, kó o lo enlan0 nínú `/etc/network/interfaces`. Jẹ́ kí orúkọ náà fi en bẹ̀rẹ̀ o, kí Proxmox lè mọ̀ pé káàdì gidi ni. Ká ní mo ti ṣe èyí ní 2024, mi ò bá ti sùn dáadáa lọ́jọ́ Fraidé yẹn.

Tó bá ti dìde, `journalctl -b -k -p err`, kà á, má kàn wò ó. `zpool status` tó o bá ń lo ZFS (ètò tó ń tọ́jú fáìlì lórí díìsìkì). Fi iperf3 wọn ihò tuntun, tó o bá sì rí nǹkan bíi 940 megabit, má wá bá mi jà, switch ẹ ni kó o wò, gigabit kan ló jẹ́. Lẹ́yìn náà jẹ́ kí ọ́fíìsì lò ó, kó o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe backup ńlá nígbà tí gbogbo èèyàn wà lẹ́nu iṣẹ́, torí ìgbà tí díìsìkì àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá jọ gbẹ́rù lẹ́ẹ̀kan náà ni kernel máa ń hùwà gidi ẹ̀. Èmi máa ń fún un ní ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán kí n tó de 6.14 mọ́lẹ̀ dípò 6.8. Láàárín ìgbà yẹn, tí ZFS bá ń sọ fún ẹ pé o lè ṣe `zpool upgrade`, dákun, dákun, má ṣe é. Kernel lo lè padà sẹ́yìn, pool (àwọn díìsìkì tí ZFS so pọ̀) ò ṣeé padà, ZFS tó wà lórí 6.8 lè má lè ṣí i mọ́.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti sọ fún ẹ pé kó o lọ gbé kernel ní kernel.org kó o fọwọ́ ara ẹ kọ́ ọ. Sá fún un. ZFS ò sí nínú ìyẹn nítorí ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì, tí root ẹ (ibi tí ètò server fúnra ẹ̀ wà) bá wà lórí ZFS, server ẹ ò ní rí ilé ara ẹ̀. Èyí tí Proxmox ń fúnni, ti Ubuntu ni wọ́n mú tí wọ́n sì fi ZFS sí i. Ẹlòmíì á ní kó o fi `curl` ju script kan sínú bash, òun á gbé driver r8126 sí i fún ẹ lórí 6.8 níbi tó o wà. Driver yẹn fúnra ẹ̀ kì í ṣe ayédèrú, àmọ́ DKMS ló ń lò, gbogbo ìgbà tí kernel bá yí padà ló gbọ́dọ̀ tún ara ẹ̀ kọ́, tí proxmox-headers (ohun tó fi ń kọ́ ara ẹ̀) ò bá sí níbẹ̀, ihò á tún kú. Script tí o ò kà ńkọ́, tó o fi agbára root (ẹni tó láṣẹ lórí ohun gbogbo) ṣe? Ṣé wàá fún ẹni tí o ò mọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì ni? Tó o bá sì ti fi sí i kó o tó kọ̀wé sí mi, bi mo ṣe mọ̀ yín, yọ ọ́ kó o tó gbé 6.14, kó má lọ máa bá r8169 du káàdì kan.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ni ti ara ẹ. Server ọ́fíìsì ni, kì í ṣe tìẹ, gba àṣẹ lẹ́nu ọ̀gá ẹ, kó kọ ọ́ sílẹ̀, mú ọjọ́ tí iṣẹ́ ò pọ̀. Mi ò rí server yẹn, ohun tó o kọ nìkan ni mo fi dáhùn, mi ò sí lẹ́yìn ẹ tó bá dojú dé. Tó bá dìde tí ihò ò sì ṣiṣẹ́ síbẹ̀, fi gbogbo ohun tí `lspci -nnk` àti `journalctl -b -k` bá sọ ránṣẹ́ sí mi. Dà á kọ ní lẹ́tà, má fi fóònù ya mọ́nítọ̀ ránṣẹ́ sí mi mọ́ o, ojú mi ti ń dàgbà.