Ìbéèrè Yín: Wọ́n fún ọmọ mi níṣẹ́ páílọ́ọ̀tì, wọ́n ní kí n wá ṣe onídùúró

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọbìnrin mi parí ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ òfuurufú ní Zaria. Ó ti gba láìsẹ́ǹsì CPL (ti awakọ̀ tó lè fi ìwakọ̀ ṣiṣẹ́ gbowó), nǹkan bí 200 wákàtí ló sì wà nínú logbook rẹ̀, ìwé tí awakọ̀ ń kọ wákàtí tó fò sí. Ilé-iṣẹ́ bàálù ńlá kan ti fún un ní lẹ́tà. Boeing 737 ni yóò máa wà, Èkó ni yóò máa gbé. Àwọn ni yóò sanwó type rating rẹ̀ (ẹ̀kọ́ àti àṣẹ láti wa irú bàálù kan pàtó), àmọ́ yóò fọwọ́ sí bọ́ǹdù ọdún 5, ìyẹn àdéhùn pé tó bá kúrò kí ó tó pé, yóò dá owó náà padà, èmi bàbá rẹ̀ yóò sì ṣe onídùúró. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń lo ATR (bàálù onípròpélà tó kéré sí Boeing) náà pè é, Àbújá níbí, bọ́ǹdù ọdún 2, ṣùgbọ́n owó oṣù tiwọn kéré. Ìyá rẹ̀ ní kí la tún ń rò, ṣé ẹnìkan ń fi Boeing sílẹ̀ mú ATR ni? Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kó mú? — *Bàbá Ìbejì, Kubwa, Àbújá*

Bàbá Ìbejì, ẹ kú oríire. Ọ̀pọ̀ tó jáde pẹ̀lú 200 wákàtí ni kò tíì rí ẹyọ kan pè é. Síbẹ̀, ẹ má tíì jẹ́ kó fọwọ́ sí èyíkéyìí. Lẹ́tà méjèèjì tí ẹ ṣàlàyé sọ irú bàálù, ó sọ owó, ó sọ bọ́ǹdù. Ohun tó jù gbogbo ẹ̀ lọ ni kò sí níbẹ̀: wákàtí mélòó ni yóò máa wà lóṣù?

Wákàtí inú logbook ni ilẹ̀ tí awakọ̀ tuntun ń rà, owó oṣù kàn jẹ́ owó oúnjẹ ni. CPL tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbà á láàyè láti jókòó lápá ọ̀tún gẹ́gẹ́ bí igbákejì. Kó tó lè di kápútẹ́ẹ̀nì irú bàálù wọ̀nyí, àfi kó gba ATPL, láìsẹ́ǹsì awakọ̀ tó ga jù, ìlànà ICAO (àjọ àgbáyé fún ọkọ̀ òfuurufú) sì ni pé ẹni tí kò bá pé 1,500 wákàtí kò lè gbà á. Ẹ yọ 200 kúrò, ó ku 1,300. Tó bá ń wa 60 wákàtí lóṣù, oṣù 22 ni yóò fi débẹ̀. Tó bá jẹ́ 20 wákàtí ló ń rí, ọdún 5 yóò pé, bọ́ǹdù yóò parí, 1,400 péré ni yóò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má rò pé a ń ṣe àsọdùn pẹ̀lú 20 yẹn. Àyẹ̀wò ńlá tí wọ́n ń pè ní C-check, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ bàálù ilẹ̀ wa ti ń ṣe é, dọ́là ni wọ́n sì ń san. Bàálù tó yẹ kó lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan níbẹ̀ lè lo ọ̀pọ̀ oṣù torí pé owó kò pé tàbí pé ohun èlò kan kò tíì dé. Gbogbo àsìkò yẹn, awakọ̀ kò dínkù, bàálù ló dínkù. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń ṣírò rẹ̀ báyìí: bàálù ọ̀nà kúkúrú kan tó ń fò déédéé nílò bíi kápútẹ́ẹ̀nì 5 àti igbákejì 5. Tí bàálù 4 bá ń fò, tí igbákejì sì ti pé 40, ẹ ti mọ ohun tó kù.

Kí ọmọ yín tún béèrè bóyá ilé-iṣẹ́ ọ̀hún ló ni bàálù tàbí wọ́n yá a. Èyí tí wọ́n yá tòun tàwọn awakọ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní wet lease, máa ń ní àwọ̀ àti orúkọ ilé-iṣẹ́ náà lára, ṣùgbọ́n kò sí àga ọmọ yín nínú rẹ̀. Àwọn àjèjì tó bá a wá ló ń wà á. Ilé-iṣẹ́ tó ń pariwo bàálù 10, tí 4 nínú rẹ̀ jẹ́ irú èyí, bàálù 6 ló ní lójú igbákejì tuntun. Ká tún yọ èyí tó wà nílẹ̀ fún àtúnṣe kúrò.

Ọ́fíìsì tó ń gbani síṣẹ́ kò ní sọ gbogbo èyí fún un. Kó wá àwọn igbákejì tí wọ́n gbà ní ọdún kan sí méjì sẹ́yìn. Ọjọ́ mélòó ló wà láàárín ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ síwèé àti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé èrò? Wákàtí mélòó ni wọ́n wà lóṣù tó kọjá? Owó oṣù wọlé lọ́jọ́ wo? Ìdáhùn ẹni mẹ́ta sí ìbéèrè mẹ́ta yìí sàn ju lẹ́tà olójú-ewé mẹ́wàá lọ. Tí ẹnìkan bá sì fọ́nnu pé 120 ni òun ń wà lóṣù, ẹ má yọ̀ sí i: nílẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, 100 wákàtí láàárín ọjọ́ 28 ni òfin fi òpin sí, nítorí àárẹ̀.

Kó wo ipò tó wà lórí lẹ́tà dáadáa. Ibì kan wà tí wọ́n ń fi ẹni tuntun ṣe Second Officer, tí yóò máa jókòó sẹ́yìn àwọn méjì tó ń wakọ̀, lórí àga kékeré, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Wákàtí ìwòran kì í wọ logbook. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí kò bá ṣe ìgbéra àti ìbalẹ̀ 3 láàárín ọjọ́ 90, kò gbọdọ̀ gbé èrò títí yóò fi padà ṣe é, nínú símúlétọ̀ (ẹ̀rọ ìdánrawò tó dà bíi iwájú bàálù) ní ọ̀pọ̀ ìgbà.

Ẹ má rò pé ATR kò ní àbùkù tirẹ̀. Nínú 1,500 yẹn, ICAO ní kí 100 jẹ́ wákàtí òru. Ọ̀pọ̀ pápákọ̀ kéékèèké ilẹ̀ wa kò ní iná ojú ọ̀nà, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tì wọ́n, àwọn ibẹ̀ gan-an ni ATR sì ń lọ jù. Ẹni tó bá ń wà á lọ́sàn-án nìkan lè pé 1,500 kí wákàtí òru rẹ̀ má ju 30 lọ. Bákan náà, tí ọmọ yín bá ní i lọ́kàn láti lọ síta lọ́jọ́ iwájú, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá òkè òkun máa ń béèrè wákàtí orí jẹ́ẹ̀tì, jákèjádò ayé ni wọ́n sì ń lo 737. Ìyá ìbejì kò kúkú sọ̀rọ̀ lásán.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí bọ́ǹdù, torí pé orúkọ yín ló wà lórí rẹ̀.

Ká fi 30,000 dọ́là ṣe àpẹẹrẹ owó type rating náà. Bọ́ǹdù tó dára máa ń dínkù lóṣooṣù: ẹ pín in sí oṣù 60, 500 dọ́là ní yóò máa kúrò lóṣù kan. Tí ọmọ yín bá kúrò lẹ́yìn oṣù 26, ó ku oṣù 34, gbèsè rẹ̀ jẹ́ 17,000. Bọ́ǹdù tí kò dínkù yóò ní 30,000 ṣì ni, kódà tó bá ku oṣù kan. Gbólóhùn kan péré ló yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú ìwé. Kí ẹ wá a kàn.

Ẹ wo irú owó tí wọ́n kọ gbèsè náà sí pẹ̀lú. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan wà ní nǹkan bíi 460 náírà ní báńkì. 30,000 jẹ́ mílíọ̀nù 13.8. Nígbà tó di 2024 tí dọ́là dé 1,500, gbèsè kan náà di mílíọ̀nù 45. Onídùúró tó fọwọ́ sí dọ́là ní 2022 kò fi kọ́bọ̀ kún un, síbẹ̀ ó ti jẹ ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ ní náírà, ní iye ọjọ́ tí wọ́n san án gan-an, kí wọ́n sì so rísíìtì ilé-ẹ̀kọ́ símúlétọ̀ mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà, ìgbà wo ni ọdún 5 náà bẹ̀rẹ̀? Lẹ́yìn símúlétọ̀, yóò ṣe ìbalẹ̀ nínú bàálù gidi, yóò dúró de àkọsílẹ̀ NCAA (àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú nílẹ̀ wa) sórí láìsẹ́ǹsì rẹ̀, yóò sì fò pẹ̀lú olùkọ́ kí wọ́n tó dán an wò ní àṣekágbá. Tí gbogbo rẹ̀ bá gba oṣù 8, tí bọ́ǹdù sì ń kà láti ọjọ́ ìdánwò yẹn, ọdún 5 àti oṣù 8 ni ẹ fọwọ́ sí. Ọjọ́ tí símúlétọ̀ parí ló yẹ kí kíkà bẹ̀rẹ̀.

Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bọ́ǹdù ti kú tí ilé-iṣẹ́ bá dá a dúró láìṣẹ̀, tí wọ́n bá jẹ ẹ́ lówó oṣù mẹ́ta, tàbí tí kò bá rí iye wákàtí kan wà láàárín ọdún kan. Ẹ ní 400. Wọ́n lè dúnàá dúrà sí 300. Ilé-iṣẹ́ tó bá kọ̀ láti kọ iyekíye ti dá yín lóhùn nìyẹn. Ẹ bi wọ́n nípa oyún pẹ̀lú, láìtijú: ìlànà ìlera ICAO kò gba aboyún láàyè láti fò ju láàárín ọ̀sẹ̀ 12 sí 26, ìyẹn náà tí oyún bá ń lọ wẹ́rẹ́. Ṣé bọ́ǹdù yóò dúró dè é, àbí yóò máa gùn sí i?

Tí wọ́n bá béèrè ìwé sọ̀wédowó tí wọ́n kọ ọjọ́ iwájú sí, ẹ kọ̀. Òfin ilẹ̀ wa lórí sọ̀wédowó tí kò lówó nínú lè sọ ọ̀rọ̀ gbèsè di ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n. Kí wọ́n má sì gba ojúlówó láìsẹ́ǹsì rẹ̀ pamọ́. Ó gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ nígbà tó bá ń fò. Ẹ gbé ìwé náà fún lọ́yà kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ní ti owó oṣù, kó béèrè èyí tó dúró ṣinṣin àti èyí tó wà lórí wákàtí. Láti oṣù kejìlá wọ oṣù kejì, ọyẹ́ máa ń bo Kánò, Sókótó àti Àbújá débi pé wọ́n ń fagi lé ìrìn-àjò. Yóò wọṣọ láago mẹ́rin àárọ̀, yóò jókòó dọ̀sán, yóò padà sílé. Ìgbà tí bàálù bá ṣí kúrò lójú kan ni wákàtí ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà òdo ni fún ọjọ́ yẹn. Kó sì béèrè ẹni tó ń san hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n bá gbé e kúrò níbi tó ń gbé: nígbà tí wọ́n ti pápákọ̀ Àbújá fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní 2017, Kàdúná ni wọ́n darí ìrìn-àjò lọ. Tó bá mú ti Àbújá, Lugbe rọrùn fún ẹni tí wọ́n lè pè lójijì ju Kubwa lọ.

Ibi tí a dúró sí nìyí: tí ilé-iṣẹ́ 737 bá lè kọ 400 wákàtí lọ́dún sílẹ̀, tí bọ́ǹdù ń dínkù, tí ó sì jẹ́ náírà, kó gbà á. Tí wọn ò bá kọ ọ́, tí àwọn igbákejì ATR sì ń wa 50 sí 60 lóṣù, kó mú ATR. Lẹ́yìn ọdún 2, yóò ti ju 1,300 wákàtí lọ láìjẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, àwọn tó ni 737 náà yóò sì wá gbà á sórí ọ̀rọ̀ tó dára ju èyí lọ.

Ìbéèrè kejì: Ojú mi kò ríran jìnnà, gíláàsì ni mo ń lò. Ṣé kí n má sanwó ilé-ẹ̀kọ́ páílọ́ọ̀tì? — *Akẹ́kọ̀ọ́, Ìlọrin*

Gíláàsì kò dí ọ lọ́nà. Ohun tí ìlànà Class 1, àyẹ̀wò ìlera fún awakọ̀ tó ń fi ìwakọ̀ ṣiṣẹ́, béèrè ni pé ojú kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dé 6/9, méjèèjì pọ̀ gbọ́dọ̀ dé 6/6 (ìwọ̀n ojú tó ríran dáadáa), kódà tó bá jẹ́ pẹ̀lú gíláàsì. Àìdá àwọ̀ mọ̀ ló máa ń dá ọ̀pọ̀ dúró. Ṣe àyẹ̀wò Class 1 lọ́dọ̀ dókítà tí NCAA fọwọ́ sí kí o tó san owó ilé-ẹ̀kọ́ kankan, má ṣe é lẹ́yìn tí o bá ti san án. Ìwé rẹ̀ máa ń wúlò fún oṣù 12 fún ẹni tí kò tíì pé 40. Tí o bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fò, gíláàsì kejì gbọ́dọ̀ wà nínú àpò rẹ, ní ìtòsí, ní gbogbo ìgbà.