Ẹ̀rù Òru: Ṣé Ìgbàgbọ́ Mi Ló Kéré Ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo máa ń ta jí láàárín òru, àyà mi á máa lù kìkì, òógùn á bò mí, bí ẹni pé mo fẹ́ kú. Mo ti gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta láìfẹnu kan omi, n kì í sì í pa ìṣọ́ òru jẹ, àmọ́ ṣe ló ń le sí i. Wọ́n wo BP àti ọkàn mi nílé ìwòsàn, wọ́n ní kò sí nǹkan. Ṣé ìgbàgbọ́ mi ló kéré ni? Arábìnrin kan, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Rárá o, arábìnrin wa. Dáfídì tó pa Gòláyátì wà lọ́wọ́ àwọn ará Filísítíà ní Gátì nígbà tó ní, “Nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà mí, èmi ó gbẹ́kẹ̀ lé ọ” (Sáàmù 56:3). Ẹ̀rù ń bà á, ó sì gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run.

Ààwẹ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ dá dúró. Ẹni tí kò jẹ, tí kò mu, tí kò sùn, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, àyà rẹ̀ á máa já. Ẹ ka 1 Àwọn Ọba 19. Nígbà tí Jésébẹ́lì lérí ikú, Èlíjà sá wọ aginjù, ó ní kí Ọlọ́run kúkú gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì tó dé kò bá a wí: àkàrà orí ẹyín iná àti omi ló gbé síwájú rẹ̀. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì tún jí i kó jẹun lẹ́ẹ̀kejì, kó tó wá rìn fún 40 ọjọ́ dé Hórébù.

Obì ńkọ́, bí ẹ bá ń jẹ ẹ́ kí oorun má baà kùn yín nínú ìṣọ́ òru? Kaféènì wà nínú rẹ̀ bó ṣe wà nínú kọfí, òun náà sì ń mú àyà lù kìkì. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 5, ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára. Kó má ti ọ̀sán kọjá.

Bí ẹ̀rù náà bá dé, ẹ dìde jókòó, kí ẹsẹ̀ yín kanlẹ̀. Ẹ fi imú fa èémí sínú, ẹ kà á dé 4. Ẹ mí jáde díẹ̀díẹ̀, ẹ kà á dé 6. Bó bá ti mọ́ yín lára, ẹ fi Sáàmù yẹn rọ́pò kíkà: ìdajì àkọ́kọ́ bí ẹ ṣe ń mí sínú, ìyókù bí ẹ ṣe ń mí jáde. Jẹ́jẹ́ ni o. Àdúrà ariwo di ọ̀sán. Lóru, ṣe ló ń mú èémí yára, òòyì á sì máa kọ́ yín. Láàárín ìṣẹ́jú 10 ni ẹ̀rù báyìí sábà máa ń le jù, lẹ́yìn náà á rọlẹ̀. Ẹ má bá a jà pé kó lọ kíákíá.

Kí ẹ tó sùn, ẹ kọ ohun tó ń dà yín láàmú sínú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan: “owó ilé-ìwé Bọ́lá”, kì í ṣe “àwọn ọ̀tá ilé bàbá mi”. Ẹ gbàdúrà lé e, kí ẹ fi ọpẹ́ kan tì í, bí Fílípì 4:6 ṣe wí. Fídíò àsọtẹ́lẹ̀ ikú orí WhatsApp, ẹ má ṣí i lálẹ́. (Tiwa ni pé kí ẹ má ṣí i lọ́sàn-án náà.)

Ṣùgbọ́n bí àyà bá ń dùn yín, tí ìrora náà ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, ilé ìwòsàn ni kíákíá.

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí n da oògùn àníyàn tí dókítà fún mi nù, pé ó ń dí ìgbàgbọ́ lọ́wọ́. Arákùnrin kan, Ṣàgámù.

Ìdáhùn: Ẹ má dà á nù. Pọ́ọ̀lù ní kí Tímótì lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀ (1 Tímótì 5:23), Lúùkù oníṣègùn sì ń bá Pọ́ọ̀lù rìn. Òmíràn nínú àwọn oògùn wọ̀nyí, béèyàn bá ṣàdédé dá a dúró, ẹ̀rù náà lè padà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó tiẹ̀ lè fa gìrì. Dókítà tó kọ ọ́ fún yín ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.